Èló Lẹ Pe Kẹ̀kẹ́ Yìí?

Ọmọkùnrin tó wá wo kẹ̀kẹ́ mi láti Iléṣà kò ná an. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó fi àtàǹpàkò tẹ táyà, ó gbé e sókè díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ bí ewúrẹ́ ṣe sanra tó, ó wá béèrè pé, "Bàbá, èló lẹ pè é?" Mo ní ₦120,000. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣé sà. Màá padà wá." Ó lọ. Ẹni tó bá ti dàgbà sínú ọjà mọ̀ pé "màá padà wá" tí ìnájà kò ṣáájú rẹ̀, ó dàbọ̀ ni. Ká ní ó ní ₦40,000 lòun máa san, inú ì bá bí mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ì bá ṣì wà láàárín wa. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sínú òwò tí kò wá ná ọjà, ó ti rí i pé ẹni tó ń tà á kò mọ ohun tó ń tà.

Òótọ́ ni. N kò mọ̀ ọ́n. Òkè-Fìà ni mò ń gbé, ní Òṣogbo níbí, kẹ̀kẹ́ náà sì jẹ́ tòkúnbọ̀ onígíà, ẹlẹ́sẹ̀ íńṣì 26, tí mo rà ní ₦48,000 ní 2021. Wọ́n ní owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ẹnì kankan kò sọ iye tí kẹ̀kẹ́ ọ̀hún ń jẹ́ bí ó bá di àlòkù. Nígbà tí mo pe ₦120,000, ohun mẹ́ta ló wà lọ́kàn mi: ìjókòó tuntun tí mo fi sí i ní èṣí, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ tó wà nílẹ̀, àti àwọn àárọ̀ kùtùkùtù tí mo máa ń gùn ún kí àwọn ọlọ́kọ̀ tó gba títì. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó kan olùrà. Èmi ni mo jókòó lórí ìjókòó náà fún ọdún kan. Èmi ni mo bí ọmọ. Àárọ̀ kùtùkùtù sì ti lọ.

Kì í ṣe èmi nìkan lọ̀rọ̀ náà ń bá jà. Ní 1990, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta, Daniel Kahneman, Jack Knetsch àti Richard Thaler, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n pín ife ìmukọfí fún ìdajì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú yàrá, wọ́n ní kí àwọn tó gba ife sọ iye tí wọn yóò tà á, kí àwọn tí kò rí gbà sọ iye tí wọn yóò rà á. Ife kan náà ni, àárín wákàtí kan náà. Síbẹ̀, iye tí àwọn onífe ń pè tó nǹkan bí ìlọ́po méjì iye tí àwọn yòókù fẹ́ san. Ife ọ̀fẹ́ tí kò tíì tutù lọ́wọ́ wọn ni o. Ẹ wá wo ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rin gun kẹ̀kẹ́, tó sì ti sọ ọ́ lórúkọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo wá yí ìṣirò padà, mo ní bóyá kí n tiẹ̀ pè é ní ₦70,000. Ìyá àwọn ọmọ mi gbé orí sókè. "Ẹ rà á ní ₦48,000, ẹ fi ọdún mẹ́rin gùn ún, ẹ tún wá fẹ́ jèrè lórí ẹ̀? Ẹ̀rù Ọlọ́run ò bà yín?" Mo dákẹ́. Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ ká dúró lé e lórí díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọlúàbí ló ń tà ní àdánù láyé ìsinsìnyí nítorí pé ojú ń tì wọ́n láti pe iye tó ju èyí tí wọ́n fi rà á lọ.

Bí a ṣe kọ́ wa ni pé ohun tó bá ti gbó gbọ́dọ̀ dínwó. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí, bí owó tí a fi ń wọn nǹkan bá dúró sójú kan. Náírà kò dúró. Ní 2021, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦410 lójú ìjọba. Ní oṣù kẹfà 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa díye lé e fúnra rẹ̀, láàárín ọdún kan dọ́là sì ti ń yí ká ₦1,500. Kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ kì í hù lóko Òṣogbo. Owó òkè òkun ni wọ́n fi ń rà á, owó òkè òkun ni wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó bá ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ₦48,000 lónìí nítorí pé ₦48,000 ló rà á, tó wá lọ sọ́jà láti ra irú rẹ̀, yóò padà sílé pẹ̀lú táyà méjì àti ìbànújẹ́. Ìṣirò tí mo ṣe fún ìyá àwọn ọmọ rèé: ₦48,000 ọdún 2021 lé díẹ̀ ní dọ́là 115, ₦70,000, bí dọ́là kan bá jẹ́ ₦1,500, kò pé 50. Náírà pọ̀ sí i, kẹ̀kẹ́ dínkù, bó ṣe yẹ kí àlòkù dínkù gan-an nìyẹn. Ó ní òun gbọ́, pé ṣùgbọ́n kí n má sọ ọ̀rọ̀ dọ́là fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ohun mìíràn tún ti ìdí epo wá. Kí ìjọba tó kéde ní oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, kò tó ₦200 tí a fi ń ra lítà bẹntiróòlù kan. Kí 2024 tó parí, ó ti lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Owó ọ̀kadà àti Márúwá tẹ̀lé e gòkè. Àwọn tó ti gbàgbé kẹ̀kẹ́ ológeere, tí wọ́n ń pè é ní ohun ìṣeré ọmọdé, bẹ̀rẹ̀ sí í bojú wẹ̀yìn. Ohun tí ènìyàn púpọ̀ bá ń wá kì í dínwó.

Ibo wá ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, bí kì í bá ṣe ibi tí a ti rà á? Ọjà ni. Kí a wá ìbejì kẹ̀kẹ́ náà ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta tòkúnbọ̀: ẹsẹ̀ kan náà, irú gíà kan náà, ọjọ́ orí tó jọra, èyí tí wọ́n ti tún ṣe tó ṣeé gùn lọ sílé. Ṣùgbọ́n iye tí oníṣọ̀ọ́bù pè é kọ́ la ń wá o, iye tó gbà ni. Nǹkan méjì tó jìnnà síra wọn ni, kò sì sí bí ẹ ṣe máa mọ èkejì láìná an. Ojú tì mí láti lọ ná ohun tí n kò fẹ́ rà, nítorí náà mo rán ọmọ àbúrò mi, mo ní kó dé ìsọ̀ mẹ́ta, kó ná an títí wọ́n á fi ní kó máa lọ, kó sì lọ lóòótọ́. Iye tí wọ́n bá fi pè é padà, òun ni iye ọjà. Ó mú ₦110,000 bọ̀. Ibẹ̀ ni òkè àjà. Kò sí ẹni tó máa san jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ mi nínú àgbàlá ilé, níbi tí kò ti sí ìsọ̀, tí kò sí ẹ̀rọ ìfátẹ́gùn ńlá.

Láti òkè àjà yẹn la ó ti máa sọ̀ kalẹ̀, atúnkẹ̀kẹ́ṣe ló sì ni àkàbà. Mo gbé e lọ bá bàbá kan nítòsí Ọjà Ọba tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe láti ìgbà tí n kò tíì gbé Òṣogbo. Mo sọ fún un pé n kò wá tún un ṣe o, pé kó kàn sọ ohun tó ń ṣe é fún mi. Mo fún un lówó ẹnu rẹ̀. Ó dojú kẹ̀kẹ́ dé, ó ń fọwọ́ yí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Egungun rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò, ìyẹn férémù. Ó fi ìka tọ abẹ́ ibi tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti wọlé. Ó ní bí ọ̀dà ibẹ̀ bá kákò bí awọ àgbàlagbà, kẹ̀kẹ́ náà ti forí sọ nǹkan rí, ẹni tó ń tà á ì báà búra. Ó mú òòfà kékeré kan tó yọ lára gbohùngbohùn rédíò àtijọ́, ó fi kàn án. Òòfà kò lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní, "Alumíníọ̀mù ni. Bó bá là, àwọn wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ títì ò rí i ṣe." Kẹ̀kẹ́ onírin tó là ṣì ṣeé jó pọ̀, yóò kàn já owó rẹ̀ wálẹ̀ gan-an ni, ti alumíníọ̀mù tó là, ẹ máa tú u tà ní ẹ̀yà ara. Tèmi kò là. Mo mí.

Lẹ́yìn náà ló mú rúlà. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ ní òṣùwọ̀n tirẹ̀: láti ojú ìdè kan sí ìkejì ìdajì íńṣì ni, nítorí náà ìdè mẹ́rìnlélógún yẹ kó jẹ́ íńṣì 12 géérégé. Bó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́jọ íńṣì lé e, ṣéènì ti fà, ó sì ti ń bá eyín ẹ̀yìn jẹ bọ̀, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá pààrọ̀ ṣéènì nìkan, tuntun náà yóò máa fò lórí eyín àtijọ́. Tèmi ti kọjá bẹ́ẹ̀. Mo ti ń gbọ́ ariwo rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì ti ń pè é ní ariwo eruku. Ó di ẹsẹ̀ iwájú mú, ó mì í sọ́tùn-ún sósì. Kò mì, bíárìn rẹ̀ ṣì dára. Bíréèkì ti jẹ dé irin. Táyà méjèèjì ti dán bí orí bàbá olóyè.

Ó kà á sílẹ̀: táyà àti túùbù méjì-méjì, ₦20,000, ṣéènì àti eyín ẹ̀yìn, ₦10,000, rọ́bà àti okùn bíréèkì, ₦4,000, iṣẹ́ ọwọ́, ₦5,000. Mo ti ń yọ ₦39,000 kúrò nínú ₦110,000 lórí fóònù nígbà tó fọwọ́ dá mi dúró. "Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tà ní ₦110,000 yẹn, ṣé táyà tuntun ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀?" Mo ní rárá, tòkúnbọ̀ náà ni, táyà rẹ̀ ti jẹ dé ìdajì. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ fi táyà tuntun jẹ ẹlòmíì níyà lára yín? Ìdajì ni kẹ́ ẹ yọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ sílé ju gbogbo ìyókù lọ. Olùrà tó bá gbọ́n yóò ka gbogbo ohun tó gbó, yóò díye lé e bí tuntun, yóò sì yọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń tà á yóò máa mi orí nítorí pé òótọ́ ni pé táyà ti gbó. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kì í ṣe kẹ̀kẹ́ tuntun. Kẹ̀kẹ́ àlòkù tó ṣeé gùn ni. Táyà ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ti rìn. Nítorí náà ₦10,000 la yọ fún táyà, a yọ ìyókù tán pátá nítorí pé wọn kò ṣiṣẹ́ rárá mọ́: ₦29,000 lápapọ̀. Ó ku ₦81,000. Mo tún yọ ₦6,000 nítorí pé bí nǹkan kan bá já lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, oníṣọ̀ọ́bù ṣeé padà lọ bá jà, èmi kò ní ìsọ̀. Ẹlòmíràn lè yọ ₦3,000 níbẹ̀, ẹlòmíràn ₦10,000. Kò sí rúlà tó ń wọn èyí. Ó di ₦75,000.

Bàbá náà ṣì ní ìbéèrè kan: "Ibo lẹni tó fẹ́ rà á ń gbé?" Mo ní Iléṣà. Ó ní, "Á jẹ́ pé gíà ló ń rà, kì í ṣe kẹ̀kẹ́." Ẹni tó bá ti rìn dé Erin-Ìjẹ̀ṣà tàbí Ìmẹ̀sí-Ilé mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí: òkè lórí òkè. Kẹ̀kẹ́ tí gíà rẹ̀ ń fò lójú títì pẹrẹsẹ ní Òṣogbo kàn ń bí ènìyàn nínú ni. Lórí òkè Ìjẹ̀ṣà, ẹsẹ̀ ni ẹ ó fi tì í lọ sílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí bàbá náà tún okùn gíà fà níṣojú mi, lówó ara mi. Ṣé ó wá yẹ kí n fowó lé e nítorí pé ó wúlò fún ará Iléṣà ju ará Òṣogbo lọ? Àwọn kan á ní òwò ni. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Òkè kì í ṣe tèmi, n kò lè máa gba owó bodè lórí ẹ̀.

(Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sọ ti Raleigh àwọn bàbá wa, nítorí ó ṣì wà lẹ́yìn ilé púpọ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, láti ìgbà tí kòkó ń pawó: kẹ̀kẹ́ dúdú gíga, ẹlẹ́sẹ̀ íńṣì 28, tó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì tó kù díẹ̀ kó dé ìdajì. Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì ti jáwọ́ ṣíṣe kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ láti 2002. Táyà rẹ̀ ṣì wà, Íńdíà àti Ṣáínà ṣì ń ṣe irú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ rà á, ẹ pe àpérò ẹbí kí ẹ tó pe iye. Irú ọjà yẹn ti kọjá atúnkẹ̀kẹ́ṣe.)

Ọ̀rọ̀ ṣéènì tí mò ń pè ní ariwo eruku yẹn ló kàn. Ṣé kí n sọ fún ọmọkùnrin náà? Ní 1970, George Akerlof, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí ọjà ọkọ̀ àlòkù, ìwé náà sì wà lára ohun tó sọ ọ́ di ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2001. Ohun tó sọ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti ra ẹ̀wà rí: ẹni tó ń tà á mọ ibi tí kòkòrò wà, ẹni tó ń rà á kò mọ̀. Nítorí náà olùrà á san owó ẹ̀wà kòkòrò lórí gbogbo ẹ̀wà, kó má bàa jìn sí kòtò. Ẹni tí ẹ̀wà tirẹ̀ dára á bínú gbé e kúrò lọ́jà. Ìgbẹ̀yìn, kòkòrò nìkan ló kù lórí àtẹ. Ọ̀nà àbáyọ kan ni pé kí ẹni tó mọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo kọ ohun tí bàbá atúnkẹ̀kẹ́ṣe kà sílẹ̀ sórí bébà, àléébù àti iye owó rẹ̀, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin náà pẹ̀lú iye tuntun: ₦85,000.

Bẹ́ẹ̀ ni, ₦85,000, kì í ṣe ₦75,000. Ẹni tó bá pe iye tó fẹ́ gbà gan-an lọ́jà Yorùbá ti fi ìnájà du ẹnì kejì rẹ̀, ẹni tí kò bá sì rí nǹkan kan dín kò ní gbà pé òun ra ọjà. Kí ìlékún náà má ṣáà ti pọ̀ débi tí yóò tún fi sọ pé "màá padà wá."

Ó padà wá ní Sátidé, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó mọ̀ nípa kẹ̀kẹ́, pẹ̀lú fọ́tò bébà mi. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe owó. Ó béèrè rìsíìtì. Inú mi dùn sí i. Ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú tí kò ní ìwé sì ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ ènìyàn dé àgọ́ ọlọ́pàá. Mo fi rìsíìtì 2021 hàn án, a jọ dojú kẹ̀kẹ́ dé, a ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí abẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ pẹ́dàlì ti wọlé, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé títà tí àwa méjèèjì fọwọ́ sí. Òfin ilẹ̀ wa tiẹ̀ ka kẹ̀kẹ́ sí: ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ ló ni iṣẹ́ fífún kẹ̀kẹ́ ní láísẹ́ǹsì, òun àti ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ àti ọmọlanke. Èmi ò tíì rí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú láísẹ́ǹsì láti ìgbà èwe mi.

Ó ní ₦55,000. Mo ní ₦83,000. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí a ka gbogbo owó táyà. Mo sọ ọ̀rọ̀ bàbá Ọjà Ọba fún un, ó ronú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí a fi ìyẹn sílẹ̀. Ọmọkùnrin náà gòkè dé ₦68,000. Ó wá ní òun lè fún mi ní ₦80,000 bí mo bá lè gba ìdajì nísinsìnyí, ìdajì ní òpin oṣù.

Kò sí ẹni tó yẹ kó mọ iye tí àwìn ń jẹ ju Ìjẹ̀ṣà lọ. Àwọn bàbá wọn tí wọ́n ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú ta á láwìn, wọ́n sì ń padà gbowó díẹ̀díẹ̀. Òṣómàáló ni gbogbo ayé ń pè wọ́n, nítorí ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ajẹgbèsè pé òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó àwọn. Iye àwìn kì í ṣe iye owó ọwọ́. Nínú rẹ̀ la ti ń san owó ẹsẹ̀ tí a máa fi padà lọ, owó ẹni tó máa sá, àti owó orúnkún. Orúnkún tèmi kò gba òṣó mọ́, pàápàá ní Iléṣà. Mo ní kó san owó ọwọ́, kí n dín in. A parí rẹ̀ sí ₦74,000, mo fi ẹ̀rọ ìfátẹ́gùn ọlọ́wọ́ mi ṣe èènì. Ó fi owó ránṣẹ́, mo wọ inú àkáǹtì mi fúnra mi kí n tó tú kọ́kọ́rọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán kì í ṣe owó láyé yìí.

Mo sìn wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Iléṣà. Awakọ̀ wo kẹ̀kẹ́, ó ní ẹrù ₦3,000 ni. Ọmọkùnrin náà yíjú wò mí. Nínú gbogbo bébà àti rúlà àti ìṣirò, kò sẹ́ni tó rántí ọkọ̀. Ó ní òun á kúkú gùn ún lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Pẹ̀lú ṣéènì yẹn?" Mo tọwọ́ bọ àpò, mo mú ₦1,500 jáde, òun náà mú ₦1,500 jáde, awakọ̀ sì wá okùn.